Mo bá ọjà tí a kò rà nínú àpò ìwé ọmọ mi

Ìyá Mùíná
Ẹ̀yin ìyá àti baba mi inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 14 lẹ́yìn Iléyá. Kì í ṣe ọmọ tí ń yọ mí lẹ́nu. Ó ń lọ sí ilé kéú lópin ọ̀sẹ̀, èmi kì í jí i kírun Àsùbáà. Lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ fọ àpò ìwé rẹ̀ torí epo dà sí i. Bí mo ṣe gbọ̀n ọ́n, ìtọ́tè méjì já bọ́, yẹtí kan tó ṣì wà lára páálí rẹ̀ tẹ̀ lé e, lọ́fínńdà kékeré kan ló jáde kẹ́yìn. Wọ́n ti fi èékánná ha bébà iye owó ara lọ́fínńdà yẹn, ṣùgbọ́n ₦4,500 ṣì hàn níbẹ̀. Owó tí mò ń fún ọmọ yìí lójúmọ́ kò ju ₦500 lọ, inú rẹ̀ náà ló ti ń wọ kẹ̀kẹ́.

Mo bi í. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló fún òun. Mo ní kó pe ọ̀rẹ́ náà lórí fóònù mi, ẹkún ló bú sí. Òun àti ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì ló máa ń yà sí supamákẹ́ẹ̀tì kan lọ́nà Tánkè bí wọ́n bá ti ilé ìwé ń bọ̀. Ọ̀kan á máa béèrè iye ọjà lọ́wọ́ ọmọ tó ń tà, ọ̀kan á dúró dí kámẹ́rà, ẹnì kẹta á ti nǹkan bọ abẹ́ híjáàbù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ṣe é. Híjáàbù tí èmi fúnra mi rán! Nínú gbogbo rẹ̀, ti híjáàbù yẹn ló dùn mí jù.

Abuja ni baba rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, Jímọ̀ tó ń bọ̀ ló máa wálé. Bó bá gbọ́, lílù ni. Àbúrò mi ní kí n lọ san owó náà ní bòókẹ́lẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ìyá mi ní kí n mú ọmọ lọ kó lọ kúnlẹ̀ fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin náà ń rí fídíò orí WhatsApp, wọ́n á mú ọmọ jókòó sílẹ̀, wọ́n á kó ọjà tó jí lé e lẹ́sẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ìlọrin yìí kò tóbi. Kí ni kí n ṣe?

Baba Ìbejì, Sàngó
Pàṣán. Ẹ má fi falẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ọmọ Ọ̀ffà
Baba Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo jí bátìrì tọ́ọ̀ṣì ní ọmọ ọdún 13, bàbá mi lù mí títí igi fi dá. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ síbi tí ẹnì kan kò ní í yẹ̀ wò. Odidi ọdún kan ni mo tún fi ṣe é lẹ́yìn pàṣán yẹn.

Baba Ìbejì, Sàngó
Igi yẹn ló kéré.

Alfa Òkè-Odò
Ẹ jẹ́ ká fi àwàdà sílẹ̀. Àsìtàgfìrù, ìyẹn títọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, nìkan kò tó sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá kan ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, ìrònúpìwàdà kò pé àfi tí a bá dá ẹ̀tọ́ náà padà fún ẹni tó ni ín. Ìdí nìyí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ kópa nínú dídá a padà. Tí ẹ bá lọ san án lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ronú pìwà dà yẹn.

Ìyá Onísọ̀, Gáà-Akàńbí
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń tajà sọ̀rọ̀. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan wà láàárín tí ẹ kò dárúkọ. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, bí a bá ka ọjà lópin oṣù tí kò pé, inú owó oṣù àwọn ọmọ tó ń tajà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Èmi náà ti yọ ọ́ rí kí ojú tó tì mí. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n ń béèrè iye ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló san lọ́fínńdà.

Ohun tí mo máa ṣe rèé: ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀. Ẹ bá mánìjà sọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì, ẹ gbé owó kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ jìnnà. Ẹ bi í bóyá wọ́n yọ owó ẹnikẹ́ni. Ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé kò ní sí fóònù, kò ní sí ariwo. Ìgbà yẹn lẹ ó tó mú ọmọ lọ.

Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì
Mo fara mọ́ Ìyá Onísọ̀. Kí n fi kún un: ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003, Kwara náà sì ti ní tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Bí ọlọ́pàá bá mú un, wọ́n gbọ́dọ̀ pe òbí rẹ̀ kíákíá, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbé ohun tí ayé lè fi dá a mọ̀ jáde. Bí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù bá na fóònù sí ọmọ yín, ẹ rán an létí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Ẹ tún wá òbí àwọn méjì yòókù. Ẹ má pariwo mọ́ wọn. Mo ti rí i níbi tí ìyá mẹ́ta ti jà lórí ta ló ba ọmọ ta jẹ́, tí àwọn ọmọ sì dúró ń wò wọ́n.

Ìyá Mùíná
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti lọ.

₦8,400 ni gbogbo rẹ̀. Mánìjà kọ́kọ́ fajú ro, àmọ́ nígbà tí mo béèrè ọ̀rọ̀ owó oṣù, ó ṣí ìwé. Òótọ́ ni: wọ́n ti yọ ₦6,000 lọ́wọ́ ọmọ tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ìṣaralóge. Ó gbà láti dá a padà fún un. Ìyá ọmọ kan bá mi san tirẹ̀. Èkejì ní irọ́ ni mò ń pa mọ́ ọmọ òun.

Lọ́jọ́ kejì mo mú Mùíná lọ. Ọmọ tó ń tajà náà kò lè ju ogún ọdún lọ. Ó wo Mùíná títí, ó ní, “Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń kí mi pé àǹtí, ẹ kú iṣẹ́?” Mùíná, tí kò sunkún ní ọ́fíìsì, ló wó lulẹ̀ níbẹ̀. Èmi náà yíjú sí ibi ọṣẹ.

Ó ku ti baba rẹ̀. Mo máa sọ fún un fúnra mi ní Jímọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti jẹun.

Baba Ìbejì, Sàngó
Ẹ jẹ́ kó yó dáadáa o.