Mo fẹ́ bá àwọn tó ń ṣe SymPy ṣiṣẹ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ 300 Level: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìṣirò ni mò ń kà ní yunifásítì, mo sì gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà Python díẹ̀. SymPy, sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ tó ń bá èèyàn ṣe ìṣirò bí aljẹ́brà, ni mo fi ń yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá mi wò, ó wá wù mí kí èmi náà lọ́wọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo kọ ọ́ sábẹ́ issue kan (ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ń fẹ́ àtúnṣe) lórí GitHub, ìkànnì tí kóòdù SymPy wà, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi ṣe. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, ẹlòmíì sì ti ṣe é báyìí. Ṣé nítorí pé wọn ò mọ̀ mí rí ni? RAM kọ̀ǹpútà mi ò ju 4GB lọ, owó dátà náà sì ń ni mí lára. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ̀gbọ́n Oníkóòdù: Àbúrò, má jẹ́ kó dùn ọ́. Níbẹ̀, o ò ní láti gbàyè kó o tó bẹ̀rẹ̀. Yẹ abẹ́ issue náà wò dáadáa, tí kò bá sẹ́ni tó ti ń ṣe é, ṣe é, kó o fi pull request rẹ, ìyẹn àtúnṣe tó o fẹ́ kí wọ́n gbà wọlé, ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Tí wọ́n bá dákẹ́, ọwọ́ wọn ló dí.

Ti RAM yẹn ò le. SageMath, sọ́fútíwíà ìṣirò míì, ni ì bá yọ ọ́ lẹ́nu, torí ọ̀pọ̀ sọ́fútíwíà mìíràn ló kó mọ́ra. Python ni wọ́n fi kọ SymPy, mpmath, àkójọ kóòdù Python fún ìṣirò nọ́ńbà, ló sì gbára lé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wàá clone rẹ̀, ìyẹn ni pé wàá fa gbogbo kóòdù rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Lẹ́yìn náà, kìkì ohun tó bá yí padà ni wàá máa fà wálé.

Olùkọ́ Ìṣirò: Ibi tí ìwọ fúnra rẹ ti kọsẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Function (àṣẹ inú SymPy) wo ni àlàyé rẹ̀ ò yé ọ nígbà tó ò ń ṣe iṣẹ́ rẹ? Fi àpẹẹrẹ kún un, irú èyí:

>>> factor(x**2 - 5*x + 6)
(x - 3)*(x - 2)

Kọ̀ǹpútà máa ń ṣe àpẹẹrẹ yẹn fúnra rẹ̀ bí ìdánwò. Tó o bá kọ (x - 2)*(x - 3), èmi olùkọ́ á fún ọ ní máàkì, ṣùgbọ́n doctest, ìyẹn ìdánwò yẹn, ò ní gbà á torí kò bá ohun tí SymPy gbé jáde mu gẹ́lẹ́, àmì pupa ló máa yọ.

Kópà Ọmọ Ìbàdàn: Pupa yẹn lèmi náà kọ́kọ́ rí! Lẹ́tà kan péré ni mo tún ṣe, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí. Àṣé mi ò tíì fi orúkọ àti ímeèlì mi sínú .mailmap, fáìlì tí orúkọ àwọn tó lọ́wọ́ sí SymPy wà, gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló gbọ́dọ̀ fi sí i. Má sì pa ibi release notes (ìkéde ohun tó yí padà) rẹ́ nínú pull request rẹ o. Bí iṣẹ́ náà ò bá tó kéde, NO ENTRY ni kó o kọ síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ 300 Level: Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé mo lè torí èyí wọ Google Summer of Code, ètò Google tó ń mú ẹni tuntun wọnú irú iṣẹ́ kóòdù báyìí?

Ẹ̀gbọ́n Oníkóòdù: O lè wọ̀ ọ́. Láti 2007 ni SymPy ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀, Google ló sì ń sanwó. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n wà lára àwọn tí Google mú lọ́dún náà. Wọ́n á tún fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ kan ti wọlé kó o tó kọ̀wé, nítorí náà, má dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti mọ ọwọ́ rẹ̀ láti oṣù díẹ̀ ni ọkàn wọn máa ń balẹ̀ sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ 300 Level: Àlàyé solveset, function tó ń wá ojútùú ìdọ́gba, dà mí láàmú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun ni mo máa ṣí lálẹ́ yìí.