Báwo la ṣe lè fi Ìhìnrere Máàkù han ẹni tí kò kà á rí, àgàgà ọ̀rọ̀ Olùgbàlà tó wá ṣe ìránṣẹ́?

Ìmọ́lẹ̀Òwúrọ̀ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì kan fẹ́ ka ìwé Máàkù, èmi ni màá sì darí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la ní, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bọ̀ kò ka ìwé Ìhìnrere kankan parí rí.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n kọ Máàkù 10:45 (pé Ọmọ-Ènìyàn kò wá kí wọ́n lè ṣe ìránṣẹ́ fún un, bí kò ṣe láti ṣe ìránṣẹ́, kó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe ìràpadà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀) sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n ṣàlàyé pé Mátíù fi Jésù hàn bí ọba, Máàkù bí ìránṣẹ́, Lúùkù bí ènìyàn, Jòhánù bí Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìyẹn, ká máa ka orí mẹ́ta mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ṣé ètò yìí dáa? Kí ni kí n sọ nípa ẹni tó kọ ìwé náà? Ìparí orí 16 tí àwọn Bíbélì kan fi àmì sí ńkọ́?

ÀgbàÒǹkàwé fèsì:

Ẹ má tíì kọ 10:45 sójú pátákó. Máàkù fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ títí tó fi kọjá ìdajì ìwé. Agbára ló kọ́kọ́ fi hàn wá: ẹ̀mí àìmọ́ ń kígbe jáde, ibà fi ìyá ìyàwó Pétérù sílẹ̀, ìjì gbọ́ àṣẹ, òkú ọmọ ọdún méjìlá dìde ó ń rìn. Ẹni tí afẹ́fẹ́ àti òkun ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ló wá sọ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ pé òun kò wá kí wọ́n lè sin òun. Tí ẹ bá fi "ìránṣẹ́" ṣíde, ẹni jẹ́jẹ́ tí kò láṣẹ ni wọ́n máa rò pé Jésù jẹ́, ẹsẹ yẹn kò sì ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orí mẹ́ta mẹ́ta náà kò ní jẹ́ kó yéni. Bí ìwé náà ṣe pín gan-an nìyí: Gálílì àti agbègbè rẹ̀ ni 1:1 sí 8:21, ojú ọ̀nà ni 8:22 sí 10:52, Jerúsálẹ́mù ni orí 11 títí dé òpin. Tí ẹ bá ka orí 7 sí 9 lọ́sẹ̀ kan, tí ẹ wá ka 10 sí 12 lọ́sẹ̀ kejì, ẹ ti gé apá ojú ọ̀nà sí méjì, ibẹ̀ sì ni ọkàn ìwé náà wà.

Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ìwòsàn afọ́jú kan ní Bẹtisáídà ló ṣí apá yẹn, ti Bátíméù ló pa á dé. Láàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù sọ pé wọn yóò pa òun, òun yóò sì jíǹde: 8:31, 9:31, 10:33-34. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀rọ̀ náà kọjá lórí àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Ní àkọ́kọ́, Pétérù mú un sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń bá a wí. Ní èkejì, wọ́n ń jiyàn lójú ọ̀nà lórí ta ló ga jù láàárín wọn. Nígbà tó sì bi wọ́n, kò sẹ́ni tó lè lanu. Ní ẹ̀kẹta, Jákọ́bù àti Jòhánù wá tọrọ ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló tún wọn kọ́: kí èèyàn gbé àgbélébùú rẹ̀ (8:34), kí ẹni tó fẹ́ ṣe ẹni àkọ́kọ́ di ẹni ìkẹyìn (9:35), kí ẹni tó fẹ́ ṣe olórí di ẹrú gbogbo ènìyàn (10:44). Lẹ́yìn ìyẹn ni 10:45 wá dé, òun sì ni ìdí gbogbo ohun tó ti ń bọ̀ láti orí 8.

Ẹ fa tábìlì sójú pátákó, ìlà mẹ́ta, òpó mẹ́ta: ohun tó sọ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣì í gbọ́, ẹ̀kọ́ tó fi tún un ṣe. Ẹ kún ìlà kìíní fún wọn, ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn wá ìyókù. Àpótí tó kẹ́yìn ni 10:45 máa bọ́ sí.

Ohun kan tí mi ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ fò: ẹ ka 10:36 àti 10:51 pa pọ̀. Ìbéèrè kan náà ni Jésù bi àwọn ọmọ Sébédè (Jákọ́bù àti Jòhánù) àti Bátíméù, pé kí ni wọ́n fẹ́ kí òun ṣe fún wọn. Àwọn tó ń ríran tọrọ àga. Afọ́jú tọrọ kó ríran, ó rí i, ó sì tẹ̀ lé e lọ́nà. Ẹ wá ṣí 15:27, kẹ́ ẹ wo àwọn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì rẹ̀ nígbà tí wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú: olè méjì.

Ìwé_Àtijọ́ fèsì:

Mo fara mọ́ ohun tí Àgbà sọ. Àtẹ ọba, ìránṣẹ́, ènìyàn, Ọlọ́run yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa tì. Ó rọrùn láti há sórí, àmọ́ ẹsẹ kìíní Máàkù pe Jésù ní Ọmọ Ọlọ́run. Ohùn láti ọ̀run tún un sọ níbi ìrìbọmi (1:11) àti lórí òkè (9:7), balógun ọ̀rún ará Róòmù sì sọ ọ́ nídìí àgbélébùú (15:39). Ìwé tó fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, tó sì gbé e lé kèfèrí lẹ́nu nígbà tí Jésù kú, kò fi ipò Ọlọ́run sílẹ̀ fún Jòhánù nìkan.

Àwọn tó fẹ́ràn àtẹ náà máa ń so ó mọ́ ẹ̀dá alààyè mẹ́rin inú Ìfihàn 4:7 (kìnnìún, màlúù, ènìyàn, idì), wọ́n á ní màlúù ni ti Máàkù torí pé ẹran iṣẹ́ ni. Àwọn bàbá ìjọ àtijọ́ kò pín in bẹ́ẹ̀. Irenaeus fún Máàkù ní idì, Jerome fún un ní kìnnìún, Augustine fún un ní ènìyàn. Lúùkù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ní màlúù.

Ní ti ẹni tó kọ ọ́: orúkọ òǹkọ̀wé kò sí nínú ọ̀rọ̀ ìwé náà. Papias, bíṣọ́ọ̀bù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì, ló sọ pé Máàkù jẹ́ ògbifọ̀ Pétérù, pé ó kọ ohun tó rántí láìṣì í, bí kò tilẹ̀ tò ó tẹ̀lé ara. Eusebius, òǹkọ̀tàn ìjọ àtijọ́, ló tọ́jú ọ̀rọ̀ náà fún wa. Jòhánù Máàkù inú Ìṣe 12:12 ni àṣà ìjọ gbà pé ó jẹ́. Òun ló padà lẹ́yìn Pọ́ọ̀lù àti Bánábà (Ìṣe 13:13), tí àwọn méjèèjì fi torí rẹ̀ pínyà (Ìṣe 15:37-39), tí Pọ́ọ̀lù sì tún wá ń béèrè lẹ́yìn náà pé kí wọ́n mú un wá, torí ó wúlò fún òun nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ (2 Tímótì 4:11). Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi ọdún kíkọ rẹ̀ sí àárín 65 sí 70.

Àwọn tó wà ní Róòmù ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó kọ ọ́ sí. Ìwé náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe Júù nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀: ó ṣàlàyé àṣà ìfọwọ́ àwọn Júù (7:3-4), ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ èdè Árámáíkì, Talita kumi (5:41) àti Efata (7:34), ó sì fi owó Róòmù ṣírò ẹyọ owó méjì opó náà (12:42). Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni kẹ́ ẹ lò lórí gbogbo èyí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi búra pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó sá lọ ní ìhòòhò (14:51-52) ni Máàkù. Ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Adúrótẹ̀kọ́ fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi ètò sí ohun tí àwọn tó ṣáájú mi sọ. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó pé, kí kálukú ti ka ìwé náà tán tàbí kó gbọ́ ọ lórí fóònù. Tí èèyàn bá kà á sókè, kò ju wákàtí kan àbọ̀ sí méjì lọ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, 1:1 sí 3:6. Ìkejì, 3:7 sí 8:21, àmọ́ ẹ má gbìyànjú láti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ mú 4:35 sí 5:43, kẹ́ ẹ fi 6:30-44 àti 8:14-21 kún un. Ìkẹta, 8:22 sí 9:29. Ìkẹrin, 9:30 sí 10:52. Ìkarùn-ún, orí 11 sí 13. Ìkẹfà, 14 dé òpin. Nínú wákàtí kan, ìṣẹ́jú 15 fún kíkà sókè, 35 fún ìbéèrè, 10 fún àkójọ àti àdúrà. Ẹni tó bá ń darí tó sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ láìdúró ti ń wàásù nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ fara balẹ̀ lórí Jáírù. Máàkù fi ìtàn kan há àárín òmíràn. Olórí sínágọ́gù tí a dá orúkọ rẹ̀ ló ń kánjú torí ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún méjìlá. Obìnrin tí a kò dárúkọ, tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ fún ọdún méjìlá, ló fọwọ́ kan aṣọ Jésù. Jésù dúró. Ó dúró débi pé ìròyìn ikú ọmọ náà bá wọn lójú ọ̀nà. Ẹ bi wọ́n pé ta ló yẹ kó dúró de ta ní ìlú yẹn. Bí ìránṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn, orí 10 kò tíì dé.

Wọ́n máa béèrè ìdí tí Jésù fi ń sọ pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni (1:44, 5:43, 7:36, 8:30). Ìdáhùn wà ní 9:9: títí Ọmọ-Ènìyàn yóò fi jíǹde. Iṣẹ́ ìyanu nìkan kò tó láti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò tíì rí àgbélébùú lè pè é ní Kristi kó sì ṣì í, bí Pétérù ṣe ṣe láàárín 8:29 àti 8:33.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣubú ni pé wọ́n á sọ 10:45 di ẹ̀kọ́ ìwà rere, "ẹ jẹ́ ká rẹ ara wa sílẹ̀," wọ́n á wá jókòó. Ìdajì ẹsẹ náà nìyẹn. Ìdajì kejì ni ìràpadà, kò sì sí ọmọ ẹ̀yìn tó lè ṣe ìyẹn. Ẹ wá tún wò ó, àwọn wo ni Máàkù sọ pé wọ́n ṣe ìránṣẹ́ fún Jésù? Àwọn áńgẹ́lì (1:13), ìyá ìyàwó Pétérù (1:31), àti àwọn obìnrin tó ń wò ó láti òkèèrè nígbà tó ń kú (15:40-41). Kò sọ ọ́ nípa àwọn méjìlá rárá.

Ìmọ́lẹ̀Òwúrọ̀ fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pa àtẹ yẹn tì. Ẹ má bínú, ìràpadà yẹn, ta ni wọ́n san án fún? Mo mọ̀ pé wọ́n máa bi mí.

Ìwé_Àtijọ́ fèsì:

Máàkù kò sọ, ẹ má sì dá a sọ fún un. Origen àti Gregory ti Nyssa, àwọn olùkọ́ ìjọ àtijọ́, sọ pé Sátánì ló gbà á. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkànlá, Anselm, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ta kò ó gidigidi, ó ní Ọlọ́run kò jẹ Sátánì ní gbèsè kankan. Ohun tí ẹsẹ náà tẹnu mọ́ ni iye tó ná an, ìyẹn ẹ̀mí rẹ̀, àti àwọn tó ṣe é fún, ìyẹn ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ẹ fi Àìsáyà 53:10-12 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ìránṣẹ́ Olúwa ti ru ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀, kẹ́ ẹ wá ka 14:24, níbi tó ti gbé ife tó ní ẹ̀jẹ̀ òun ni, tí a ta sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ẹ ka Dáníẹ́lì 7:13-14 náà. Ọmọ ènìyàn tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń sìn níbẹ̀ ni 10:45 sọ pé kò wá kí wọ́n sin òun. Ẹni tó bá mọ ìwé Dáníẹ́lì dáadáa ni ẹsẹ yìí máa kọ́kọ́ mì.

Ní ti orí 16: ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì méjì tó lókìkí jù láti ọ̀rúndún kẹrin, Sinaiticus àti Vaticanus, dúró ní ẹsẹ 8. Ẹsẹ 9 sí 20 pẹ́ náà o, torí Irenaeus ti fa ẹsẹ 19 yọ ní nǹkan bí ọdún 180. Ẹ ka méjèèjì, ẹ sọ ohun tí àmì yẹn dúró fún ní gbólóhùn méjì, ẹ má sì gbé ẹ̀kọ́ kankan ka orí ejò àti májèlé ẹsẹ 18. Tí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rù pé ẹsẹ 8 kò ní àjíǹde nínú, ẹ ka ẹsẹ 6 fún un: ó ti jíǹde, kò sí níhìn-ín.

ÀgbàÒǹkàwé fèsì:

Ẹ ṣọ́ orí 13. Ẹnì kan máa fẹ́ fi gbogbo ọ̀sẹ̀ karùn-ún ṣírò ìgbà ìkẹyìn. Ẹ lọ tààrà sí 13:35, níbi tó ti dárúkọ ìṣọ́ mẹ́rin: àṣálẹ́, ọ̀gànjọ́, ìgbà tí àkùkọ ń kọ, òwúrọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá àwọn ìgbà yẹn nínú orí 14 àti 15 kí ọ̀sẹ̀ kẹfà tó dé. Àṣálẹ́ wà ní 14:17, àkùkọ wà ní 14:72, òwúrọ̀ wà ní 15:1. Ọ̀gànjọ́ ni Máàkù kò dárúkọ. Gẹtisémánì ló bọ́ sí àárín yẹn, níbi tó ti ní kí wọ́n ṣọ́nà, tó sì bá wọn lójú oorun lẹ́ẹ̀mẹta. Tí wọ́n bá ti rí i fúnra wọn, ọ̀rọ̀ ìṣirò máa tán.