"Aláìgbọràn" kọ́, "àkọ́sórí" ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé ká máa pe àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí kì í gba -ed bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti kọjá, irú go tó ń di went, ní "ọ̀rọ̀-ìṣe aláìgbọràn". Orúkọ náà pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn lẹ́nu. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n ṣàìgbọràn sí?

Ẹ wo sing, sang, sung. Ẹ wo ring, rang, rung. Drink, drank, drunk. Swim, swam, swum. Fáwẹ́lì inú wọn ló ń yí, bákan náà ni gbogbo wọn sì ṣe ń yí i. Òfin nìyẹn, òfin tó tilẹ̀ dàgbà ju -ed lọ. Jacob Grimm, onímọ̀ èdè ará Jámánì, kò pe irú wọn ní ọlọ̀tẹ̀. "Alágbára" ló pè wọ́n, torí wọ́n ń dá para dà láìtọrọ àfikún. Àwọn tó ń tọrọ ló pè ní "aláìlágbára". Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, holpen ṣì wà níbi tí à ń lo helped sí lónìí. Bó bá jẹ́ ti àìgbọràn ni, help tó sá kúrò nílé baba rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ bá wí!

Lóòótọ́, kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn. Cut àti put kì í yí rárá. Wend ló ni went tẹ́lẹ̀, kí go tó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Lie àti lay ló burú jù: lay ni lie máa ń dà bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti kọjá, bẹ́ẹ̀ lay fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tó ń di laid. Ọ̀mọ̀wé ń ṣubú níbẹ̀.

Kí ló wá pa wọ́n pọ̀? Kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán wo go kó mọ̀ pé went ló kàn. Àfi kéèyàn kọ́ ọ sórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè wọ́n ní "ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́sórí". Ẹnì kan á ní akẹ́kọ̀ọ́ lorúkọ yìí ń júwe, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kúkú ló fẹ́ lò ó.

Ohun kan tún wà nínú àbá yẹn tí mi ò lè gbójú fò: "afànámónìí" ni wọ́n fi pe àsìkò tí went wà. Ti Yorùbá ni afànámónìí, ó fa àná mọ́ òní lóòótọ́. "Mo rà á" ti kọjá, "mo mọ̀ ọ́n" ṣì wà báyìí, ọ̀rọ̀-ìṣe kò sì yí nínú méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ya bought sọ́tọ̀ kúrò lára buy. "Àsìkò àná" tó o.

Ibi tí mo ti há ni dreamt àti dreamed, learnt àti learned, tí méjèèjì tọ̀nà. Ṣé àkọ́sórí la ó kó wọn sí ni, àbí ẹ ní orúkọ fún ẹni tó ń gbé ilé méjì?