Frankfurt: ṣé sójà ló kọ́kọ́ ni éápọ́ọ̀tù yẹn ni?

Àdùkẹ́_Ìkẹjà: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo wọ bàálù láti Èkó dé Frankfurt, àbúrò mi wá fi mọ́tò gbé mi, bá a ṣe ń lọ lórí títì A5 ni mo rí bàálù àtijọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú nǹkan kọnkéré gàgàrà kan tó tẹ̀ bí ìka mẹ́ta. Ó ní sójà Amẹ́ríkà ló wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni sójà àti èrò lásán ṣe ń lo éápọ́ọ̀tù kan náà?

BàbáTúndé_Offenbach: Òótọ́ ló sọ, àmọ́ sójà kọ́ ló kọ́kọ́ débẹ̀. 1936 ni wọ́n ṣí i fún bàálù èrò àti Zeppelin, ìyẹn bàálù gàgàrà tí gáàsì ń gbé fò, ọ̀kan nínú wọn ni Hindenburg tó jóná ní Amẹ́ríkà ní May 1937, ibẹ̀ ló ti gbéra. Ogun dé, sójà Jámánì gbà á, March 1945 Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ wọn, ó di Rhein-Main Air Base, ibùdó bàálù sójà wọn, wọ́n sì lo ọgọ́ta ọdún ńbẹ̀. Èrò ń gba apá àríwá wọlé, sójà wà ní gúúsù, rọ́ńwèé wà láàárín, wọ́n jọ ń lò ó, bí alájọgbé tí wọ́n jọ ń lo géètì kan.

Ìyá_Kòyè: Èmi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ 1948 láé. Rọ́ṣíà dí títì, rélùwéè àti odò tó wọ Ìwọ̀-oòrùn Berlin pa, ìyẹn apá tí Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń ṣàkóso láàárín ilẹ̀ tí Rọ́ṣíà gbà lẹ́yìn ogun, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló wà níbẹ̀, ló bá di pé bàálù Amẹ́ríkà ń kó oúnjẹ lọ láti Rhein-Main àti Wiesbaden tọ̀sán tòru, Gẹ̀ẹ́sì náà ń gbé tiẹ̀, títí di September 1949, ẹrù náà lé ní mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù, èédú ló sì pọ̀ jù ńbẹ̀. Ẹ gbọ́ o, èédú nínú bàálù! Gail Halvorsen, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa bàálù láti Rhein-Main, á so ṣọ́kọ́léètì mọ́ áńkáṣíìfù kó lè máa rọra já bọ̀, á jù ú sí àwọn ọmọdé tó dúró létí Tempelhof, éápọ́ọ̀tù kan ní Berlin, á kọ́kọ́ mi apá bàálù ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Àwọn ọmọ ọ̀tá àná o! Nǹkan kọnkéré tẹ́ ẹ rí yẹn, ìrántí iṣẹ́ náà ni, ìka mẹ́ta yẹn dúró fún ọ̀nà òfurufú mẹ́ta tí wọ́n ń gbà wọ Berlin, ìkejì ẹ̀ wà ní Berlin lọ́hùn-ún.

Ọmọ_Abẹ́òkúta: Nǹkan burúkú náà ṣẹlẹ̀ ńbẹ̀ o. August 1985, Red Army Faction, ẹgbẹ́ apániláyà kan ní Jámánì, gbé bọ́ǹbù sínú mọ́tò wọ ibẹ̀, èèyàn méjì kú. Ṣáájú ìyẹn wọ́n ti pa sójà kékeré kan torí káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ ṣá, kí wọ́n lè fi wọlé, ìyẹn ló dùn mí jù. 2005 ni Amẹ́ríkà kó kúrò, iṣẹ́ wọn lọ sí Ramstein àti Spangdahlem, ibùdó wọn méjì míì ní Jámánì, 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Terminal 3, ilé èrò kẹta éápọ́ọ̀tù náà, sórí ilẹ̀ yẹn.

Àdùkẹ́_Ìkẹjà: Ẹ ṣé gan-an ni, mo dúpẹ́. Mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó ní ọdún méje lòun ti ń gba ẹ̀gbẹ́ bàálù yẹn lọ síbi iṣẹ́ lárààárọ̀.