Ẹnu mi kì í ríbi gbà bí mo bá ń kọ kóòdù lójú ẹlòmíì, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, lápá Lágere. Ó ti lé lọ́dún 3 tí mo ti ń fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ṣiṣẹ́ fún àwọn ọlọ́jà àti ilé ìwé kéékèèké. Iléeṣẹ́ kan l'Ékòó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fídíò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èyí tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá ló ń já mi láyà. Wọ́n ní kí n wá nọ́ńbà kan nínú 1,000,000 tí wọ́n ti tò láti kékeré dé ńlá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: àárín lèèyàn á kọ́kọ́ wò, á ju ìdajì tí kò wúlò nù, á tún pín èyí tó kù sí méjì. Kò lè ju bí ìgbà 20 lọ. Àmọ́ wọ́n ní kí n máa ṣàlàyé bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ibi tí mo ti ń wá òyìnbó tí màá sọ kiri niná ti lọ!

Ṣé mo lè ní kí wọ́n jẹ́ kí n dákẹ́ ronú ná? Báwo lẹ ṣe ń fi àlàyé yìí dánra wò? Àbúrò mi ni mo ń ṣe é fún, ṣe ló ń sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún mọ ibi tí iná kì í lọ, tí ò láriwo, yálà ní Mayfair n'Ífẹ̀ níbí tàbí nínú ọgbà yunifásítì OAU?