Ìyẹ́ wo ló yẹ ọfà onígi: ínǹṣì 4 àbí 5? Apá òsì àbí apá ọ̀tún?

Ọmọ_Apó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tafàtafà. Mo fẹ́ lẹ ìyẹ́ mọ́ ọfà méjìlá, ẹ bá mi dá sí i kí n tó náwó. Recurve (ọrun tí ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ padà síwájú) ni ọrun mi, agbára rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 45 bí mo bá fà á dé ínǹṣì 28, orí pẹpẹ ọrun gan-an (ibi tó tẹ́ lókè ibi tí ọwọ́ ń dì mú) ni ọfà ń sùn lé. Igi cedar ni ọ̀pá, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 11/32, ìwúwo orí ọfà jẹ́ gíréènì 125. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń fa ọsán.

Ṣé ìyẹ́ apá ọ̀tún ẹyẹ ni kí n rà torí pé ọwọ́ ọ̀tún ni mò ń lò? Ínǹṣì 4 ńkọ́, àbí 5? Ìrísí ìyẹ́ ńkọ́, shield àbí parabolic? Ṣé dandan ni kí ìyẹ́ lọ́ mọ́ ọ̀pá? Ìyẹ́ oníke ló wà lára ọfà tí mò ń ta lọ́wọ́, ó sì máa ń ju ìdí sọ́tùn-ún sósì ní kété tó bá kúrò lórí ọsán.

Ìyẹ́_Tòlótòló:
Ọwọ́ tí ẹ fi ń fa ọsán kò kan apá tí ìyẹ́ ti wá rárá. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì lè lo ìyẹ́ apá ọ̀tún, kò sí ohun tó máa ṣe é. Èyí tó le ni pé ìyẹ́ tó wà lára ọfà kan gbọ́dọ̀ ti apá kan náà wá. Ìyẹ́ apá òsì tẹ̀ síbì kan, ti apá ọ̀tún tẹ̀ sí òdìkejì. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ọ̀kan á máa yí ọfà sósì, èkejì á máa dá a padà, ọfà náà kò sì ní rí ìdúró lójú afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo méjìlá ti apá kan náà wá, ó máa rọrùn fún kíláǹpù yín (irinṣẹ́ tó ń di ìyẹ́ mú nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́) pẹ̀lú.

Bí odindi ìyẹ́ lẹ bá rí, báyìí lẹ ṣe máa mọ apá tó ti wá: ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, kí ìdí rẹ̀ tó ti ara ẹyẹ jáde wà lọ́hùn-ún, kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí yín, bí ẹni pé ẹyẹ náà ń fò lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ máa rí i pé ìhà kan tẹ́ẹ́rẹ́, ìhà kejì fẹ̀. Bí ìhà tẹ́ẹ́rẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ òsì yín, apá òsì ni. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún ni. Ìhà tó fẹ̀ là ń lò, ẹ ya tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn dànù. Ìyẹ́ ìfò ni kó jẹ́ o. Tòlótòló ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò báyìí, torí pé ìyẹ́ rẹ̀ gùn, ó sì le. Ìyẹ́ àyà rọ̀ jù, kò lè darí ohunkóhun.

Ní ti gígùn: bí orí ọfà yín bá jẹ́ èyí tí a fi ń ta àmì lásán, mẹ́ta tó jẹ́ ínǹṣì 4 ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ fi orí abẹ fífẹ̀ sí i fún ọdẹ, ẹ lọ sí ínǹṣì 5. Abẹ yẹn ń gba afẹ́fẹ́ níwájú, ó fẹ́ máa darí ọfà, ìyẹ́ ẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ lágbára jù ú lọ. Ínǹṣì 5 tún máa ń forí ji ẹni tí ìka rẹ̀ kò tíì máa kúrò lórí ọsán geere. Ìnira rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ń fà á sẹ́yìn ju ínǹṣì 4 lọ. Ní mítà 20 ẹ lè má rí ìyàtọ̀. Bí ibi tí ẹ ń ta bá ti jìnnà gan-an, ẹ máa rí i pé ọfà tètè ń wálẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù ìwúwo: ìyẹ́ ínǹṣì 5 mẹ́ta kì í tó gíráàmù kan.

Shield àti parabolic, ojú lásán ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn shield ní igun tó gún sókè, igun yẹn sì máa ń dún nínú afẹ́fẹ́. Parabolic rọ̀ sílẹ̀ roboto lẹ́yìn, ó dákẹ́ jù. Ọdẹ ló yẹ kó máa rò ó.

Onígi_Cedar:
Mo fara mọ́ gbogbo èyí tí ẹ̀gbọ́n sọ lókè, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé orí lílọ́ tí ẹ kò fọwọ́ kàn. Àwọn kan ti sọ ọ́ di òfin pé ìyẹ́ gbọ́dọ̀ lọ́ mọ́ ọ̀pá. Fún orí abẹ, mo gbà. Fún àmì títa, kí ìyẹ́ kàn yẹ̀ ní dígírì 1 sí 2 ti tó. Ìyẹ́ gidi kò dọ́gba lójú méjèèjì: ojú kan ń dán, èkejì rí hágahàga, ara rẹ̀ sì tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kódà bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ ní títọ́ gbọnrangandan, ó ṣì máa yí ọfà.

Bí ẹ bá máa lọ́ ọ, kíláǹpù òsì fún ìyẹ́ apá òsì, kíláǹpù ọ̀tún fún ti ọ̀tún. Bí ẹ bá gbé e fún ara wọn, orí àti ìdí ìyẹ́ máa gbé sókè kúrò lára ọ̀pá, bó ti wù kí gọ́ọ̀mù pọ̀ tó, kò ní mú un. Kíláǹpù títọ́ ń gba apá méjèèjì.

Nọ́ọ̀kì (ohun kékeré ìdí ọfà tó ń há mọ́ ọsán) ni kí ẹ kọ́kọ́ lẹ̀, torí òun ni irinṣẹ́ ìlẹ̀yẹ́ fi ń mọ ibi tí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí. Varnish ara ọ̀pá gbọ́dọ̀ ti gbẹ dénú. Ẹ fi sáǹpéépà dídán (320 sí 400) ra ibi tí ìyẹ́ máa wà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu eruku rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ má fi acetone nu ọ̀pá tó ní varnish, yíyọ́ ló máa yọ́ ọ. Ẹ fi ìyẹ́ sínú kíláǹpù kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ jáde díẹ̀, kí apá tó nípọn kọjú sí orí ọfà, kí irun ìyẹ́ dà sẹ́yìn síhà nọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá gbé e sódì, ọfà rẹ̀ kò ní lọ síbì kankan. Ẹ fa gọ́ọ̀mù lé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ẹ tó yí i sí ìkejì. Kí ìdí ìyẹ́ jìnnà sí ojú nọ́ọ̀kì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, kí ìka yín má bàa máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọmọ_Apó:
Ẹ ṣeun gan-an. Ohun méjì ló kù. Gọ́ọ̀mù tí mo dán wò lára ọ̀pá kan ṣí kúrò lọ́jọ́ kejì, níwájú. Ìdí tí ọfà ń jù yẹn sì ńkọ́, ṣé ìyẹ́ gidi máa wò ó sàn?

Onígi_Cedar:
Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìyẹ́ tó ṣí yẹn dáadáa. Bí varnish bá bá a lọ, varnish ni kò tíì gbẹ, tàbí kò bá gọ́ọ̀mù yẹn rẹ́. Bí gọ́ọ̀mù bá dúró sára ọ̀pá tí ìsàlẹ̀ ìyẹ́ sì mọ́ fúù, ó ní láti jẹ́ pé òróró wà lára rẹ̀, tàbí gọ́ọ̀mù ti gbẹ lójú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Iwájú ni kí ẹ mójú tó jù. Egungun ìyẹ́ tó yọ ṣóńṣó níwájú lè wọ inú ìka ẹni tó di ọrun mú nígbà tí ọfà bá ń kọjá, pàápàá bí ọfà bá ń sùn lé ọwọ́. Ẹ fi abẹ bó ìmú rẹ̀ kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀pá, ẹ fi òwú wé e ní mìlímítà 5, ẹ wá kán gọ́ọ̀mù lé e lórí. Kí ẹ fi ìka rà á láti iwájú lọ sẹ́yìn láìgbún yín. Iṣẹ́ àtayébáyé ni òwú yìí: ipa òwú tí wọ́n fi wé ìyẹ́ ṣì hàn lára ọfà tí wọ́n rí nínú ọkọ̀ ojú omi Mary Rose, tó rì ní 1545.

Ọsán_Kò_Já:
Ní ti ìdí jíjù: ìyẹ́ oníke kò yẹ ẹni tó ń ta láti orí pẹpẹ ọrun. Kì í tẹ̀. Bó bá kan pẹpẹ, ó máa ti ọfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹ́ gidi máa tẹ̀ wọlẹ̀, á kọjá, á sì dìde padà. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ààbọ̀ ìṣòro yín parí níbẹ̀.

Ààbọ̀ tó kù lè jẹ́ ọ̀pá. Ìyẹ́ ńlá máa ń bo àṣìṣe ọ̀pá mọ́lẹ̀, ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé kéèyàn sáré lọ sí ínǹṣì 5 kó tó yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò. Ẹ dúró ní mítà 10 sí 15, ẹ ta ọfà mẹ́ta tó ní ìyẹ́, ẹ ta méjì tí kò ní rárá, tí gbogbo yòókù wọn dọ́gba. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán: bí èyí tí kò ní ìyẹ́ bá bọ́ sí òsì àwọn tó ní ìyẹ́, ọ̀pá le jù fún ọrun, bó bá bọ́ sí ọ̀tún, ó rọ̀ jù. Bó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀, àmì tí ọfà ń há sí lórí ọsán ga jù. Bó bá bọ́ sókè, ó rẹlẹ̀ jù. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ínǹṣì sókè ibi tó dọ́gba pẹ̀lú pẹpẹ.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ìyẹ́ ti ń gbá ọrun, ẹ fọ́n àtíkè sórí ìyẹ́ àti pẹpẹ, ẹ ta ẹ̀ẹ̀kan, ẹ wo ibi tó ti nù. Nínú ìyẹ́ mẹ́ta, ìyẹ́ aláwọ̀ ọ̀tọ̀ ni kó kọjú síta, kúrò lára ọrun. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa wo ìyẹ́ kó tó há ọfà, kó lẹ mẹ́rin ti ínǹṣì 4 ní dígírì 90 síra wọn. Bó ṣe wù kó há a, kò sí ìyàtọ̀.

Ìyẹ́_Tòlótòló:
Àfikún kékeré: bí ìyẹ́ bá wó tàbí ó ká nínú apó, ẹ má yọ ọ́ dànù. Ẹ di ọfà mú lókè omi tó ń hó, ẹ máa yí i nínú ooru rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi 10, ẹ máa rí i tí irun rẹ̀ ń dìde padà lójú yín. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an, ìyẹ́ tó rin á lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, kò sì ní darí ọfà mọ́. Àtíkè tí kì í jẹ́ kí omi wọlé wà lọ́jà fún un. Kòkòrò sì ń jẹ ẹ́, inú ike tó dé pinpin ni kí ẹ kó o pamọ́ sí. Bí ẹ bá ní ìdíje lọ́kàn, ẹ rántí pé ní ẹ̀ka longbow (ọrun gígùn àtijọ́) ti World Archery, àjọ ọfà títa lágbàáyé, ọ̀pá igi àti ìyẹ́ ẹyẹ gidi nìkan ni wọ́n ń gbà.