Òkè Ben Nevis: wákàtí mélòó ló yẹ ká fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkè Scotland. Àwa mẹ́fà fẹ́ gun Ben Nevis láàárín oṣù kẹwàá, kìlómítà 17 ní àlọ àti àbọ̀. Tá a bá gbéra ní aago 10 àárọ̀, ṣé ilẹ̀ ò ní ṣú bá wa?

Èsì 1: Á ṣú bá yín. Ẹ fi òfin Naismith ti ọdún 1892 ṣírò: wákàtí 1 fún kìlómítà 5, ẹ fi wákàtí 1 kún un fún mítà 600 kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá gùn. Ìrìn, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 24. Gígun òkè, tó tó mítà 1,340, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 14. Kò sí ìsinmi níbẹ̀ o, kò sí oúnjẹ. Fún èèyàn mẹ́fà, ẹ ka wákàtí 8 sí 9. Oòrùn sì ń wọ̀ lẹ́yìn aago 6 díẹ̀ lásìkò yẹn.

Èsì 2: Aago 8 ni kẹ́ ẹ gbéra. Ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni kẹ́ ẹ fi ṣírò. Adágún Lochan Meall an t-Suidhe, ní nǹkan bíi mítà 570, ni ẹ ó ti yẹ aago wò: bó bá kọjá 10:30, ẹ ti pẹ́. Bó bá di aago 1 ọ̀sán tẹ́ ẹ ò tíì dé ṣóńṣó, ẹ yí padà, ì báà ṣẹ́ ku mítà 100. Má retí pé ìsọ̀kalẹ̀ á yá. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, orúnkún á sì ti rẹ̀.

Èsì 3: Tọ́ọ̀ṣì orí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, máàpù àti kọ́ńpáàsì. Òtútù ń tètè pa bátìrì fóònù, ọ̀gbun sì wà nítòsí ọ̀nà lórí ṣóńṣó tí kùrukùru bá bolẹ̀.